Ìtàdógún Àjíǹde

Òjúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́,
Ìbà, Òjó, Èkó.
Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, 1997.

Ọmọ mi Ọláyíwọlá,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Leeds ńkọ́? Àwa ń bẹ láàyè níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá iwájú kí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Modúpẹ́ náà kí ọ, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Mo kí ọ tán.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti rí lẹ́tà rẹ kẹ́yìn. Mo kọ méjì, ọ̀kan lo fèsì sí, èsì náà kò kún ojú ewé kan. Bó bá jẹ́ pé o ti ju ẹni tó ń kọ̀wé sílé lọ, sọ ọ́ kí n mọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìjà ni mo ṣe mú gègé. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Láti ọdún tó kọjá ni ohùn wọn ti há. A ní òtútù ni, a ní eruku pákó ni, torí ní ibi iṣẹ́ wọn ní Àlàbá, níbi tí wọ́n ti ń kan àpótí fún àwọn tó ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn, eruku pákó ni wọ́n ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́. A fún wọn ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà tí kò lọ, Modúpẹ́ mú wọn lọ sí ọsibítù. Kókó ló wà ní gogongo wọn, kókó burúkú sì ni. Dókítà ní bí a kò bá gé gogongo náà kúrò pátápátá, bàbá rẹ kò ní rí ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá gé e, wọn yóò wà láàyè, wọn yóò jẹun, wọn yóò tún máa fa ayùn, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pè ọ́ ní Ìbà, ará Okokomaiko ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí dókítà sọ ọ́ tán, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn làwọn fi ń kan àpótí ohùn fún ẹlòmíràn, àwọn kò mọ̀ pé tàwọn ló máa bàjẹ́.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ rèé. Wọ́n fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí o gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó gé e. Láti ọdún 1992 tí o ti lọ, bí o bá pè, èmi nìkan ló ń lọ dáhùn. Wọ́n máa ń ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́. Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ̀wé sí ọ. Wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn fẹ́ sọ fún ọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí bébà.

Wọ́n ń lọ sí Àwẹ́ lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ṣọdún Àjíǹde, kí wọ́n sì fi ohùn yẹn dágbére fún wọn. Fóònù kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí o pè ní ìtàdógún Àjíǹde, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Alhaja Fáòsíátù ní Okokomaiko, nọ́ńbà tí o máa ń pè náà ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọsibítù ni wọ́n ń wọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló wà, Yíwọlá. Má jẹ́ kó yẹ̀.

Olúwa á ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Florence Adégbóyè


Leeds,
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, 1997.

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́tà yín dé lánàá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, n kò sì mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí lórí àìkọ̀wé. Iṣẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àwáwí lọ́dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọ̀hún fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ọjọ́ àti aago ni wọ́n ní kí n máa bójú tó nínú kọ̀ǹpútà níbi tí mo wà. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń bẹ̀rù ọdún 2000, torí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ̀ pé ọdún lè kọjá 99. Bí a ti ń ṣe é lóde òní, a kì í kàn kó nọ́ńbà jọ. A máa ń dá nǹkan kan sínú ẹ̀rọ, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ tirẹ̀, bí Bàbá ti ń kọ́ ọmọṣẹ́. Mo dá ọ̀kan, mo pè é ní Ọjọ́. Ó mọ oṣù tó ní ọgbọ̀n, ó mọ èyí tó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi kì í bá a kà. Mo kàn máa ń ní, Ọjọ́, fi iye báyìí kún ara rẹ, yóò sì gbé Ọjọ́ tuntun lé mi lọ́wọ́, èyí àkọ́kọ́ á sì wà bó ṣe wà. Tẹ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sún ọjọ́ síwájú, ti gbogbo àwọn tó kù tó ń lò ó á sún tẹ̀ lé e, a kò sì ní mọ ẹni tó dán an wò. Èmi ni mo wo àìsàn yẹn sàn. Mo ní ọjọ́ tí a bá ti dá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i mọ́. Ọ̀gá mi yìn mí lójú gbogbo èèyàn.

Nítorí náà, bí mo ti ka lẹ́tà yín tán, mo fún un ní ọjọ́ Àjíǹde, mo ní kó fi mẹ́tàdínlógún kún un. Kí n tó mí, ó ti dáhùn. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè dà wá rú ni pé wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan níbí lọ́dọọdún, ọjọ́ Àjíǹde gan-an ló sì bọ́ sí lọ́dún yìí. Mo ti kọ́ Ọjọ́ ní ìyẹn náà. Láti ìgbà yẹn lọ, aago mẹ́rin yín ni aago mẹ́rin wa. Àṣìṣe kò lè wọ̀ ọ́.

Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ń bọ̀ lórí fóònù. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí, àti pé inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín,
Ọláyíwọlá


Leeds,
Ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, 1997.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò mọ bí n ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí àná. Láti aago mẹ́ta ni mo ti jókòó ti fóònù. Nígbà tó di aago mẹ́rin géérégé, mo pe nọ́ńbà Alhaja. Ọkùnrin kan gbé e, ariwo ọkọ̀ bo ohùn rẹ̀, gbogbo ohun tí mo gbọ́ kò ju pé ẹ ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni okùn já. Ìgbà mọ́kànlá ni mo tún pè, kò wọlé mọ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé kí n má jẹ́ kó yẹ̀. Ṣé Bàbá ni kò tíì ti Àwẹ́ dé, àbí aṣọ oníbàárà ló dá yín dúró nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Bó bá jẹ́ pé Bàbá ló yí ọkàn padà, ẹ sọ fún mi, kò kúkú jẹ́ tuntun. Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé, mo dúró dè wọ́n títí mọ́tò fi fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo ti rò pé a ti kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí pé èmi tí mo wà lókèèrè ni mo mú àdéhùn ṣẹ, ilé ni kò mú un ṣẹ.

Ẹ bá mi kí wọn.

Ọláyíwọlá


Ìbà, Òjó.
Ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 1997.

Ọláyíwọlá,

Wọ́n ti gé e. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọrùn ni bàbá rẹ ti ń mí báyìí, ihò kan wà níbẹ̀ tí a ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á kan ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìtàdógún Àjíǹde, ìyẹn Túsìdé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, aago méjì kò tíì lù tí a fi dé Okokomaiko. Bùbá funfun tí wọ́n fi sin Modúpẹ́ lọ́kọ ni wọ́n wọ̀. Mo ní fóònù kò lójú, ta ló máa rí aṣọ? Alhaja gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fóònù mọ́, oníbàárà méjì sì bínú lọ.

Aago mẹ́rin lù, aago márùn-ún lù. Gbogbo ìgbà tí a jókòó yẹn, wọ́n ń dánra wò lábẹ́ èémí. Mo gbọ́ ọ, n óò sì kọ ọ́ fún ọ báyìí, torí kò tún sí ẹni tó máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí o lọ ni. Wọ́n ní ìbínú pé o kọ iṣẹ́ pákó sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn sìn ọ́ dé pápá ọkọ̀ òfurufú, àwọn sá pamọ́ sí ìsọ̀ ní Àlàbá títí o fi lọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìyẹn kò jẹ àwọn lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ pé, “Yíwọlá, mo ṣẹ̀ ọ́.” Gbólóhùn tí wọ́n ń kọ́ bí ọmọ iléèwé nìyẹn, ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní aago méje Alhaja ní òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bí a ti ń sọdá títì, bàbá rẹ ní, “Bóyá kò fẹ́ gbọ́ ni.” Láti ìgbà náà wọn kò dárúkọ rẹ mọ́ títí wọ́n fi gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Dáúdà tó ń bá Alhaja gbé fóònù ní o pè ní Wẹ́sìdé. Ọsibítù la wà ní Wẹ́sìdé. Kí ló dé? Ta lo fi Túsìdé fún?

Ìyá rẹ


Leeds,
Ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, 1997.

Ìyá mi,

Lẹ́tà yín wà níwájú mi láti àná. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Wẹ́sìdé ni ẹ̀rọ fún mi. Mo ti kà á lórí ìka, mo ti kà á lórí kàlẹ́ńdà, ẹ̀rọ kò purọ́. Bí a bá fi mẹ́tàdínlógún kún ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin ni yóò bọ́ sí. Èmi ni mo bi í ní ìbéèrè ẹlòmíràn. Nínú iṣẹ́ tiwa, òfo la ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Ọjọ́ tí a wà kì í sí nínú rẹ̀, ọ̀la ni oókan. Mo sì mọ̀ pé ilé kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ṣebí èmi náà ni mo máa ń tẹ̀ lé Bàbá lọ ra pákó lọ́jọ́ ọrún, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a wà la ti ń kà á. Mo gbàgbé, Màámi. Ọdún márùn-ún péré, mo gbàgbé. Wákàtí ni mo ń ṣọ́ lójú méjèèjì, odindi ọjọ́ gba ẹ̀yìn mi kọjá.

Èyí tó ń pa mí lára jù rèé. Mo wà nílé ní Túsìdé yẹn. Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ méjì kí nǹkan kan má baà dí mi lọ́wọ́. Ní aago mẹ́rin, ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń lọ̀. Fóònù wà níbi tí mo ti lè nawọ́ mú un. Mo tilẹ̀ ní kí n dán nọ́ńbà yẹn wò kó tó di ọjọ́ kejì, mo ní rárá, kí n má lọ yọ Alhaja lẹ́nu. Mo bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tán, mo gbé e kọ́.

Mo bá yín ṣe fáàrí pé ọjọ́ tí mo bá dá, ẹnikẹ́ni kò lè yí i mọ́. Ẹ wò ó bó ṣe rí. N kò rí ohun tí n lè fi kún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn tí Bàbá kò fi ní jókòó síbẹ̀ títí aago méje.

Mo bẹ̀ yín, mo ti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì tí mo pè. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ kọ sí òbí ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tíì dé, tó bá dé, ẹ má ṣí i. Ẹ jó o. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá rí i.

Mo jẹ̀bi.
Ọláyíwọlá


Ìbà, Òjó.
Ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, 1997.

Ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o ní kí a jó ti ṣáájú èyí dé. Èmi kọ́ ni mo gbà á. Bàbá rẹ ló jókòó sí iwájú ilé lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, àwọn ni wọ́n já a. Wọ́n kà á tán, wọ́n ká a, wọ́n fi há abẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí mo bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ojú sí ògiri. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó rí i kà. Mo bínú sí ọ débi pé mo fẹ́ má kọ̀wé mọ́.

Yíwọlá, ọjọ́ Àìkú la bí ọ, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e la sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ la pè é. Bí a bá kà á lórí òfo bíi tìrẹ, Mọ́ńdè la bá sọ ọ́ lórúkọ, lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká. Ọjọ́ Àjíǹde fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Bí o bá kà á dé ìkẹtàdínlógún, Túsìdé ni. Ọmọ Modúpẹ́ tó ń tàgẹ̀gẹ̀ náà máa tó mọ ìyẹn.

Mo ti bá ọ wí tán. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, ó sì ń jẹ mí. Kàlẹ́ńdà ìjọ wa kọ́ sára ògiri lókè orí mi nígbà tí mo ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn. Mo wò ó, mo rí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo fẹ́ kọ ọ́, mo tún ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu bàbá rẹ jáde. Mo ní bí a kò bá ní gbọ́ ohùn wọn mọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kúkú wà lórí bébà. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Bí mo bá kọ nọ́ńbà méjì péré síbẹ̀, o kì bá ti ṣì í. N kò tíì lè sọ èyí fún bàbá rẹ.

Modúpẹ́ ra síléètì fún wọn. Wọ́n máa ń kọ omi, wọ́n máa ń kọ iyọ̀ ti pọ̀ jù, wọn kò kọ orúkọ rẹ rí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òǹkà náà fún wọn, wọ́n kàn ń wò mí lẹ́nu. Lánàá mo ní ṣé kí o pè kí àwọn gbọ́ ohùn tìrẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí síléètì pé, “Kó pè.”

Nítorí náà, pè ní Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 1997, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Má ka nǹkan kan. Má fi nǹkan kan kún un. Bàbá rẹ ni yóò gbé fóònù, wọn kò sì ní dáhùn. Ìwọ ni kí o máa sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ,
Florence


Leeds,
Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, 1997.

Ìyá mi,

Mo pè. Ẹ ti mọ̀ pé mo pè.

Wọ́n gbé fóònù, mo sì gbọ́ èémí wọn. Kò dà bí èémí ẹni tí mo mọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè pé ta nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níbí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi ni mo ka ọjọ́ lódì, pé bí mo bá mọ̀ ni, ọjọ́ Túsìdé yẹn ni n bá ti pè. Mo ní ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú ti tán nínú mi láti ọjọ́ tí mo ti ka lẹ́tà yín, pé wọn kò jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Mo sọ nípa lẹ́tà burúkú yẹn. Nígbà tí kò sí ohun tó kù, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti foríjì mí?”

Mo dúró. Mo gbọ́ àwọn agbèrò tó ń pe Bádágírì lóde, mo gbọ́ èémí yẹn. Mo tún bèèrè. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Mo wá gbé fóònù lélẹ̀.

Mi ò bínú, Màámi. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tí mo jẹ́ kó pàdánù ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀, kí ni mo ń wá ìdáhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ sí? Ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá sídìí fóònù mọ́ nítorí tèmi. N óò máa kọ̀wé.

Ọláyíwọlá


Ìbà, Òjó.
Ọjọ́ 9, oṣù Keje, 1997.

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ yìí, mo sì fi aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀ láti dá a lóhùn.

Yàrá fóònù Alhaja kò gba ju ẹnì kan lọ. Ìta ni mo dúró sí, gíláàsì wà láàárín wa. N kò gbọ́ ohun tí o ń sọ, bàbá rẹ ni mo ń wò. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mọ́ etí. Ó pẹ́ díẹ̀ tí wọn kò mira rárá, omi kàn ń bọ́ lójú wọn, aṣọ tí a fi bo ọrùn wọn ti tutù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró, wọ́n tún mì í, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, fìlà ṣí bọ́ lórí wọn, wọn kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo sọ fún Alhaja pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lóde.

Nígbà tó pẹ́ jù ni mo ṣí ilẹ̀kùn wọlé. Mo gbọ́ ọ tí fóònù ń dún tùù, o ti lọ. Mo fi ọwọ́ kan èjìká wọn, mo ní, “Bàbá Yíwọlá, kò lè rí yín.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n tún gbé fóònù náà mọ́ etí, wọ́n sì ń mi orí lọ.

Ìyá rẹ,
Florence